Ẹkùn Tó Lóṣòó Lẹ́nu Ibodè

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo rẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan, n kò sì sùn lá a. Mo rí ẹnubodè ìlú náà, mo rí oníbodè tó dúró níbẹ̀ tòun ti fìlà pupa, mo rí awọ ẹkùn mi tó ká mọ́ abẹ́ apá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín nílé ẹlẹ́mu pé àwọn ọmọ iléèwé ló fi ẹnu lásán gba akùkọ lọ́wọ́ mi, ẹ bi í léèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Èmi gan-an ni ẹkùn náà.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀, iléèwé tí mo ti kà á pàápàá ti wó, torí kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ. Bíríkìlà ni mí. Láti Iléṣà dé Òṣogbo, bí ẹ bá rí ògiri tó dúró gbọnrangandan, ẹ béèrè ẹni tó to búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Ẹ̀sà-Òkè ni mo kọ́lé sí, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá kiri níbẹ̀. Èmi ni mo to ilé náà, èmi ni mo rẹ́ ẹ, èmi ni mo da ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi tẹ́jú débi pé bí òjò bá fẹ́ omi sí i, omi náà kì í mọ ibi tí yóò ṣàn gbà. Á kàn dúró síbẹ̀ ni. Ìyàwó mi sọ pé àléébù ni, òun ló sì máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi náà síta. Obìnrin ò mọ̀ nípa ilẹ̀ dídà.

Mo ní akùkọ kan nígbà yẹn. Iperindo ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń wò ó bí ẹni tó ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ. Pupa ni, ó ga, ìrù rẹ̀ dúdú bí irun ọ̀dọ́mọdé. Bí ó bá kọ ní Ẹ̀sà-Òkè, àwọn ará Ìmẹ̀sí-Ilé á ti máa wá bàtà wọn. N kò ní adìyẹ tí yóò gùn, mi ò sì fẹ́ tà á. Mo kàn ní i ni, bí ọlọ́lá ṣe ń ní ẹṣin.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ojú fèrèsé wọn ló máa ń dúró sí kọ, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdánwò wọn sì ti ń sún mọ́lé. Wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní kí n dè é mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo ní ta ló máa ń de àlùfáà mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ń jí ènìyàn sí àdúrà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan báyìí, òjò ń rọ̀, wọ́n ti mú iná lọ, mo wà nínú yàrá mi, mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ náà ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jáde láti lọ bá wọn wí. Mẹ́ta ni wọ́n, lórí ẹní. Ọmọbìnrin kan tó wá láti Òṣogbo, ilé àwọn aláró, tó máa ń wé ìborí mọ́ orí dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ tuntun. Ọmọkùnrin gíga kan, ọmọ Iléṣà bíi tèmi. Èkejì rẹ̀ ni èyí tí mi ò rí rí láìjẹ́ pé abọ́ gààrí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Kí lẹ ń ṣe?"

Ọmọbìnrin náà ní, "Gẹ́ẹ̀mù ni, Dádì. Ẹ má bínú sí ariwo wa."

"Káàdì dà? Ọmọ ayò dà?"

"Ẹnu la fi ń ṣe é, sà."

Ó wá ṣàlàyé. Òun ni ọ̀gá gẹ́ẹ̀mù. Òun ni yóò máa sọ irú ìlú tí wọ́n dé, irú òkè tí wọ́n gùn, irú ènìyàn tó dúró lọ́nà. Olúkúlùkù àwọn yòókù ní ẹni tó jẹ́ nínú ìtàn náà, yóò sì máa sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Bí ohun náà bá le, wọn á da dáìsì lúdò. Bí nọ́ńbà tó jáde bá pọ̀, ó ti bọ́ sí i. Bí ó bá kéré, ó ti wọ gàù. Ọmọ gíga yẹn jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọmọ gààrí jẹ́ oníṣègùn. Wọ́n ń rin ìrìn-àjò lọ síbi kòtò wúrà kan.

Mo ní èmi náà á ṣe.

"Dádì, ó le díẹ̀ o."

"Ó le fún ta ni?"

Ọmọ gíga ní, "Ẹ jẹ́ kí Dádì ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi akùkọ yẹn lé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mi ò ní gbà. Mo ní mo gbà. A dá àdéhùn. Bí ẹni tí mo jẹ́ bá jáde kúrò nínú gẹ́ẹ̀mù náà ní pípé, tòun ti ohun gbogbo tó bá mú wọ inú rẹ̀, àwọn ni yóò máa ro igbó ẹ̀yìn ilé mi títí wọn yóò fi jáde iléèwé. Bí nǹkan rẹ̀ kan bá sọnù síbẹ̀, akùkọ di ẹran ọbẹ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà. Akùkọ náà wà lábẹ́ ìgbátí òrùlé nítòsí, ó ń sá fún òjò, kò mọ̀ pé wọ́n ti ń ná òun.

Mo béèrè ẹni tó lágbára jù nínú gẹ́ẹ̀mù náà. Ọmọbìnrin náà ní ó ku ẹnì kan tí wọn ò tíì mú, aparadà, ẹni tó lè para dà di ẹranko. Mo ní ìyẹn ni èmi. Ó ní ẹranko wo? Mo ní ẹkùn ni, ṣé wọ́n rò pé màá sọ pé òkété ni? Ó ní awọ kan wà tí màá máa gbé wọ̀. Bí mo bá gbé e wọ̀, mo di ẹkùn. Bí mo bá bọ́ ọ, mo padà di ènìyàn. Ó dára. Lójú ẹsẹ̀ ni mo gbé e wọ̀.

Mo ṣe dáadáa o. Mo fo odò kan tí alágbẹ̀dẹ fẹ́ rì sí. Mo lé àwọn olè mẹ́ta gun igi, mo sì jókòó sí ìdí igi náà, mo ń lá ọwọ́ mi. Dáìsì fẹ́ràn mi. Àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń wo bí koríko ibẹ̀ ṣe ga tó.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin yẹn rọra sún ìborí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ ti dé ìlú kan. Wúrà pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ ìlú náà, wúrà yẹn sì ti fa gbogbo agbára oògùn mu. Oògùn kan kì í jẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ ṣe fẹsẹ̀ tẹ ẹnubodè báyìí, awọ bọ́ lára Dádì."

Mo ní, "Awọ ta ló bọ́?"

"Awọ yín, sà. Ẹ ti padà di ènìyàn."

"Mo ti ṣiṣẹ́ ní Itagunmodi rí. Orí wúrà ni mo dúró lé tí mo ń po síméǹtì. Kò sí nǹkan tó bọ́ lára mi."

"Ẹ̀yin kì í ṣe ẹkùn ní Itagunmodi, Dádì."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọmọ gààrí gbé ṣíbí dúró. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wọ nǹkan sábẹ́ awọ yẹn?"

Ẹkùn wo ló ń wọ ṣòkòtò? Ọ̀gá gẹ́ẹ̀mù ni mo kọjú sí. Mo ní kó fetí sílẹ̀. Mo ní ìgbà tí mò ń di ẹkùn lọ́wọ́ ni oògùn ṣiṣẹ́. Mo ti dì í tán. Nígbà tí a ń po síméǹtì, a nílò omi. Bí síméǹtì bá ti gan tán, tí kànga wá gbẹ, ṣé ilé á wó ni?

Ó mú dáìsì, ó tún gbé e sílẹ̀. Ẹ ò rí i, ṣùgbọ́n èmi rí i. Ọmọ gíga ní, "Dádì ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀." Ọmọbìnrin náà wá ní, "Dádì, ẹkùn tiyín kì í ṣe síméǹtì. Ọ̀dà lásán ni, òjò ló sì dé yìí." Ó ní ká jẹ́ kí dáìsì ṣe ìdájọ́. A dà á. Ọ̀kan ló jáde.

Bí mo ṣe dúró ní ìhòòhò lẹ́nu ibodè ìlú onílùú nìyẹn. Oníbodè mú awọ mi, ó ká a, ó fi há abíyá. Ó ní a kì í mú awọ ẹranko wọ ìlú àwọn. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ máa kọjá, òòlù rẹ̀ kò ní oògùn nínú. Ó tú àpò oníṣègùn, ó rí i pé gbogbo ewé inú rẹ̀ ti di ẹ̀fọ́, ó ní kí òun náà máa lọ, kó lọ sè é. Ó ku èmi. Oníbodè ní mo lè wọlé, awọ ni kò ní wọlé. Bẹ́ẹ̀, bí awọ yẹn bá dúró síbẹ̀, akùkọ mi kú.

Mo ní mo já a gbà. Dáìsì ní rárá, èékánná ènìyàn ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mo fo odi. Dáìsì ní rárá. Mo ní mo bú ramúramù. Ọmọbìnrin náà ní, "Oníbodè bi yín bóyá inú ń run yín."

Ọmọ gíga ní, "Dádì, ẹ jẹ́ á gbà pé ó tán. A-para-dà tí ò lè para dà, kí ló kù lára rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo rántí bàbá mi. Aṣọ ni bàbá mi ń tà káàkiri ìlú onílùú, àwìn ni wọ́n ń rà á. Bí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà bá sá pamọ́, bàbá mi kì í gbé igi, kì í gégùn-ún. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gba ohun òun. Àlejò ilé náà á máa bá a níbẹ̀, àna ilé náà á bá a níbẹ̀. Ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ti onílé. Àwọn tó ní oògùn ní oògùn. Bàbá mi ní itan. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló, kò sì sí ilẹ̀ tí kì í jẹ́.

Mo ní, "Mo lóṣòó síwájú oníbodè."

Ọmọbìnrin náà ní, "Irú ìyẹn kò sí nínú òfin gẹ́ẹ̀mù, Dádì."

Ọmọ gíga ní, "Ó wà nínú òfin Iléṣà."

Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọbìnrin náà wá ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n lóṣòó lóòótọ́, níbẹ̀ yẹn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun á máa da dáìsì láti ìgbà dé ìgbà. Ọjọ́ tí mẹ́fà bá jáde, ọ̀rọ̀ mi ti sú oníbodè nìyẹn, á dá awọ mi padà. Bí mo bá kúrò lórí ìlóṣòó kí mẹ́fà tó jáde, awọ ti lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń da ilẹ̀ fún gbogbo ayé, orí ìlóṣòó ló dàgbà sí. Mo fa ṣòkòtò mi sókè, mo lóṣòó.

Oníbodè ní, "Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀, àlejò ń bọ̀ wá kí ọba wa."

"Kí àlejò gba orí mi kọjá."

"Ìhòòhò lẹ wà o."

"Ìwọ lo bọ́ mi."

"Ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

"Èmi ni wọ́n á wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mójú kúrò. Ìwọ tó dúró ti oníhòòhò láti àárọ̀ ni wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ délé."

Ọmọ gààrí rẹ́rìn-ín títí omi gààrí fi gba imú rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin náà da dáìsì. Èjì. Ó tún dà á lẹ́yìn náà. Ẹ̀rin. Òjò kò dá, èmi náà kò dìde.

Ìyàwó mi gbé iyán jáde. Ó bá mi níbẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

"Mo ń gba awọ mi."

"Awọ wo?"

Ọmọ gíga ní, "Awọ ẹkùn ni, Mọ́mì. Bí Dádì ò bá rí i gbà, a máa pa akùkọ."

Ìyàwó mi wò mí, ó wo akùkọ, ó gbé iyán sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kúkú gbé omi kaná."

Mo jẹ iyán náà lórí ìlóṣòó. Ẹ wá ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Akùkọ náà kúrò lábẹ́ ìgbátí, ó wá dúró tì mí, ó ń ṣa ìyókù iyán jẹ lẹ́bàá abọ́, ó ń yí ọrùn wò mí. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀.

Ó ti ń rẹ̀ mí, n kò ní pa irọ́. Ṣùgbọ́n oníbodè ti ń rẹ̀wẹ̀sì jù mí lọ. Ohùn ọmọbìnrin náà ti yí padà. Ó ní oníbodè kò tíì jẹun láti àárọ̀, torí kò lè jẹun níwájú mi. Ó ní àwọn obìnrin tó ń lọ sódò ti ń bú u pé kí ló fi aṣọ bàbá àgbàlagbà ṣe. Ó ní ó ti mú awọ náà kúrò lábíyá, ó ti ń wò ó. Ó da dáìsì. Márùn-ún. Ọmọ gíga di orí mú. Mo ní kó tún un dà. Mo mọ̀ ọ́n lára pé mẹ́fà ló kàn.

Ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi ti yọ.

Oko ló ti ń bọ̀, ó da ọ̀rá borí nítorí òjò, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti yà. Ó ní, "Ẹ kú ulé o."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nílẹ̀ wa, ọkùnrin wo ló ń lóṣòó síwájú àna rẹ̀, tí orúnkún ya sọ́tùn-ún sósì, tí iyán wà ní irùngbọ̀n? Àna! Ìyá tó fún mi ní ìyàwó! Orí mi kò tíì pinnu ohunkóhun tí ara mi fi ti lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà mi balẹ̀ sínú omi òjò tó dúró lórí ilẹ̀ mi tó tẹ́jú, ṣòkòtò mi sì dún lẹ́yìn, fààà.

"Ẹ kú oko, Màámi."

"Ọmọ mi, o ṣeun. Dìde, dìde. Kí ló ya yẹn?"

Ọmọbìnrin Òṣogbo ní, "Dádì ti kúrò lórí ìlóṣòó."

Mo gbórí sókè nínú omi. Mo ní, "Ta ló kúrò? Ṣé ẹ rí mi lórí ìdúró?"

"Ẹ ò lóṣòó mọ́, sà."

"Ìsàlẹ̀ ìlóṣòó ni mo lọ. Ẹni tó lóṣòó, tó tún wá dọ̀bálẹ̀ lé e, ṣebí ó fi kún un ni?"

Ọ̀rọ̀ náà di iyàn ńlá. Ọmọ gíga gbà pẹ̀lú mi díẹ̀, ọmọ Iléṣà ni. Ọmọ gààrí ní ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ti di ẹlẹ́bẹ̀, òṣómàáló kì í sì í ṣe ẹlẹ́bẹ̀. Wọ́n ní kí Màámi dá a. Inú mi dùn, àna mi ni, èmi ni mo ṣe òrùlé ilé rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé ìlú, ibodè, awọ, gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó fi ọ̀rá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbọ́ ọ tán láìrẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọkọ tèmi náà lóṣòó nígbà ayé rẹ̀. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ni mo mú wá. Kò dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tó bí i. Orí ló mì sí i. Ó ní bí òun bá fi àyà kanlẹ̀ níbẹ̀, onígbèsè á rò pé ẹ̀bẹ̀ lòun wá bẹ̀, á rọra rékọjá lórí òun, á bá tirẹ̀ lọ."

Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin ni mo dọ̀bálẹ̀ fún o."

"Mo rí i, ọmọ mi. O kí mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ ibodè la ń sọ." Ó wá wò yíká. "Akùkọ wo ni?"

Wọ́n fi hàn án.

Ó ní, "Èyí sanra o."

Mo gba dáìsì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, mo dà á fúnra mi, kí wọ́n lè rí i pé mẹ́fà ló fẹ́ jáde. Ọ̀kan ló jáde. Omi ti wọ inú dáìsì náà ni.

Ọmọbìnrin náà kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó parí ìtàn náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní oníbodè rékọjá lórí mi, ó lọ gbé awọ náà pamọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú aṣọ ìbora kan, ó ta á bò mí. Ó bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, yàtọ̀ sí ẹkùn?"

Mo gbójú sókè, mo wo odi ìlú wọn. Ó wọ́. Ẹni tó tò ó kò fi okùn wọ̀n ọ́n rárá. Mo ní, "Ta ló kọ́ ràdàràdà yìí fún yín?"

Ó ní oníbodè mú mi lọ sọ́dọ̀ ọba. Ó ní wọ́n fún mi ní yàrá, ọmọṣẹ́ àti síméǹtì, n kò sì di ẹkùn mọ́, kò sì sí ẹni tó tún bi mí léèrè nípa rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ àti oníṣègùn bá ìrìn-àjò wọn lọ. Èmi ṣì wà ní ìlú yẹn, odi wọn sì ti dúró gbọnrangandan.

Omi ìyàwó mi ti hó. Ọmọ gíga ló mú akùkọ náà, kò tiẹ̀ sá, iyán ti wúwo nínú rẹ̀. Wọ́n sè é títí, ó le bí táyà, síbẹ̀ wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ egungun. Èmi baálé ni iwe tọ́ sí. Mo mú un, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àna mi. Ó gbà á, ó ní èmi yìí ló mọ ẹ̀kọ́ ilé jù nínú gbogbo ọkọ àwọn ọmọ òun. Òótọ́ ni.

Ohun tó ṣòfò nìyí: akùkọ kan. Awọ ẹkùn kan. Ṣòkòtò kan, tó ya láti ìdí dé orúnkún. Iwe kan.